Bel Air 1957 àbí Mustang 1966: èwo ni kí n mú?

Àkànní_Houston:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ ti jáde yunifásítì, mo sì ti bá ìyá wọn sọ ọ́ títí tó fi gbà pé kí mọ́tò àtijọ́ kan wọ gáréèjì kí n tó fẹ̀yìn tì. Méjì ló wà nílẹ̀ báyìí, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ mú.

Ọ̀kan ni Chevrolet Bel Air 1957, onílẹ̀kùn mẹ́rin, V8 283 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, 283 ni ìwọ̀n rẹ̀), jíà ọ́tòmátíìkì Powerglide, aláwọ̀ ewé àti funfun. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló ni ín, $31,000 ló ń pè é. Èkejì ni Ford Mustang 1966, onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì 200 onísílíńdà mẹ́fà, ọ́tòmátíìkì, pupa fòò, pẹ́ńtì rẹ̀ ń kọ mọ̀nàmọ̀nà. $19,500. Ẹni tó ń tà á ní oṣù tó kọjá lòun kùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe kò pọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, òde ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká fi yí àdúgbò po nírọ̀lẹ́. Mo lè pààrọ̀ ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì, ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi mọ. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Èkìtì_Tulsa:
Kí lẹ tún ń rò? Bel Air ni o! Mọ́tò tó gbé ìyẹ́ méjì sẹ́yìn, tó jẹ́ pé abẹ́ níkẹ́ẹ̀lì (irin dídán) ìyẹ́ òsì ni wọ́n fi ẹnu táǹkì epo pa mọ́ sí. Ẹ gbé e lọ síléepo kí ẹ wá wo bí àwọn ọmọ òde òní ṣe máa yí ọkọ̀ po tí wọn ò ní rí ibi tí wọ́n á ti rọ epo sí i. Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbà láìfún ara wọn. Mustang, ẹ̀yin méjì lẹ máa jókòó iwájú, ẹni tó bá wọ ẹ̀yìn máa ká orúnkún sí àgbọ̀n ni.

Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé lọ́dún 1957 yẹn, Ford ló ta jù Chevrolet lọ. Lónìí, ta ló ń wá Ford 1957 kiri? Bel Air ni gbogbo ayé mọ̀.

Baba_Mọ́tò_Atlanta:
Àkànní, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Kí a tó dé orí ẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ ti egungun ọkọ̀, torí ibẹ̀ lowó máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Bel Air 1957 ní ṣaasí lọ́tọ̀, bọ́dì lọ́tọ̀. Wọ́n gbé bọ́dì ka orí ṣaasí, wọ́n fi nọ́ọ̀tù ńláńlá dè é. Mustang ò ní ṣaasí. Bọ́dì yẹn gan-an ni egungun rẹ̀: páànù ìsàlẹ̀ àti àwọn irin gígùn tí wọ́n jó mọ́ ọn ló gbé ẹ́ńjìnnì, òun náà ló gbé ènìyàn. Tí páànù ilẹ̀ Bel Air bá jẹ, ẹ gé e, ẹ jó tuntun mọ́ ọn, ṣaasí ṣì ń gbé ọkọ̀ dúró. Tí irin abẹ́ Mustang bá jẹ, àárín ọkọ̀ á máa tẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ilẹ̀kùn ò pa dé dáadáa mọ́, ó di kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì Mustang náà, ẹ pa á, ẹ tún ṣí i. Ẹ má tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ford ò ṣe é báyẹn láti rẹ́ni jẹ o. Ara Falcon, mọ́tò kékeré olówó pọ́ọ́kú wọn, ni wọ́n ti yọ Mustang, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. $2,368 ni wọ́n fi gbé e jáde níbi World's Fair (ìpàtẹ àgbáyé) ní New York ní April 17, 1964. Kí March 1966 tó parí, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan. Ẹni tó sáré ṣe nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò rò ó pé ọmọ Yorùbá kan ní Houston máa fẹ́ fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Àdùkẹ́_Sugarland:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ní Mustang 1965, torí náà mo lè sọ ohun tójú rí. Mi ò ní kí ẹ má rà á, mo fẹ́ràn tèmi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé gálọ́ọ̀nù omi kan dání lọ wò ó.

Ní ìdí gíláàsì iwájú, lẹ́yìn bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ inú ọkọ̀. Òjò àti ewé náà ń gbabẹ̀. Ewé á rọra jókòó sínú àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ ihò yẹn, á mu omi dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin náà á jẹ láti inú wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ ní kí ẹni kan rọra máa da omi sí i, díẹ̀díẹ̀, lápá òsì, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú àga, ẹ gbé orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi tó dára máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn fẹ́ńdà iwájú. Tó bá kán sí yín lójú, ẹ ti rí ìdáhùn. Kí ẹ tó lè tún un ṣe, wẹ́dà máa lu gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó páànù òkè mọ́ ọkọ̀, á ṣí i kúrò, á tún un ṣe, á sì tún jó o padà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì bùútù náà. Ní Mustang 1965 àti 1966, orí táǹkì epo fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ bùútù, ẹ máa rí i gbangba. Ẹ wo etí rẹ̀ yíká.

Lámídì_Wẹ́dà (Baltimore):
Àǹtí Àdùkẹ́ ti sọ òótọ́. Kí n fi tèmi kún un: pẹ́ńtì oṣù tó kọjá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dára kì í sáré kùn ún kó tó tà á.

Ẹ wá òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ ìnujú wé e kó má ha ọkọ̀ wọn. Ẹ gbé e lé ara fẹ́ńdà lókè, ẹ máa rí bó ṣe dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ẹ rọra gbé e wá sísàlẹ̀, pàápàá lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tó bá ti já bọ́, ìpara bọ́dì ló wà níbẹ̀, irin ti lọ. Mo ti gé fẹ́ńdà kan tí ìpara inú rẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Lábẹ́ rẹ̀, wáyà tí wọ́n fi ń ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀.

Lábẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì Mustang, ẹ wo irin gíga méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ṣọ́ọ̀kì wà nínú wọn. Ó máa ń sán níbi tí apá òkè ti dè mọ́ ọn.

Bel Air náà ń jẹ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ẹ wo òkè iná iwájú níbi tó yọ sóde bí ìpéǹpéjú, ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú lẹ́yìn táyà, ilẹ̀ bùútù, àti ibi tí bọ́dì ti jókòó lé ṣaasí. Ibi ìjókòó yẹn ni kí ẹ tẹ sókúdíráfà mọ́. Tó bá wọlé, ẹ dúró ná.

Ọmọ_Èkìtì_Tulsa:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ti ìjẹ irin, ní ìlú tí mo wà yìí, lọ́dún 1957 ni wọ́n sin Plymouth Belvedere tuntun kan sínú ihò kọnkéré níwájú ilé ẹjọ́ Tulsa, pé kí àwọn ará 2007 wá hú u. Nígbà tí wọ́n hú u, omi ti kún ihò náà, ọkọ̀ ti di ìpẹ́ pupa látòkè délẹ̀. Ọkọ̀ tuntun tí kò tíì rìn púpọ̀ ni o! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "kò rìn púpọ̀" ta ọkọ̀ fún yín.

Baba_Mọ́tò_Atlanta:
Ẹ ṣeun. Ó wá ku ká mọ̀ bóyá ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ ohun tí àwọn tó ń tà wọ́n sọ pé wọ́n jẹ́.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Bel Air, èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i lára, wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57, V8 ni wọ́n bí i, Bel Air gidi ni. Tó bá jẹ́ VB57, 210 ni, àbúrò rẹ̀, tí ẹnì kan wá lẹ níkẹ́ẹ̀lì Bel Air mọ́. Tí V ò bá sí níwájú rárá, sílíńdà mẹ́fà ni wọ́n bí i, V8 inú rẹ̀ sì jẹ́ àfikún. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò lè jọ ara wọn.

Ti Mustang, ẹ wò ó lára irin abẹ́ fẹ́ńdà òsì nínú ilé ẹ́ńjìnnì, ẹ sì wo tẹnu ilẹ̀kùn, kí méjèèjì bára mu. 6 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà ni ọdún 1966. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́: F ni Dearborn, R ni San Jose, T ni Metuchen. 07 ni olórùlé líle, 08 ni èyí tó ń ṣí òrùlé, 09 ni fastback, èyí tí òrùlé rẹ̀ rọra dà sẹ́yìn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì: T fún sílíńdà mẹ́fà 200, C, A àti K fún V8 289. K ni wọ́n ń jà sí. Ẹ ka nọ́ọ̀tù táyà náà: sílíńdà mẹ́fà máa ń ní mẹ́rin, V8 máa ń ní márùn-ún.

Dáúdà_Peckham:
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ gbé e wá sí London o jàre! Ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san road tax (owó orí ọkọ̀) níbí, wọn ò sì fi dandan mú yín ṣe MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) tí ẹ ò bá ti yí i padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa páàkì Bel Air sí ní Peckham, ìyẹn lèmi ò mọ̀.

Àdùkẹ́_Sugarland:
😂 Páàkì ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú téèpù, ẹ wọn gáréèjì yín lónìí. Gígùn Bel Air 1957 jẹ́ 200 ínǹṣì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 16 àti 8 ínǹṣì. Mustang ò tó 182. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé ìdí Impala rẹ̀ ló ń sùn síta, ó fi tapólì bò ó.

Ẹ tún ro ti ẹni tó máa máa wà á. Bel Air tó ju 3,200 pọ́ùn lọ, tí kò bá ní páwà sítíárìn, ẹ máa mọ̀ ọ́n léjìká nígbà tí ẹ bá ń yí i níbi ìpáàkì. Mustang yẹn bíi 2,500 ni, ìyàwó yín náà lè wà á.

Ọmọ_Èkìtì_Tulsa:
Àǹtí mi, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tó ní agbára ẹṣin 120 lẹ fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa fi dé òde ìyàwó? 283 yẹn, tó bá jẹ́ kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì ló wà lórí rẹ̀, 185 ni.

Àdùkẹ́_Sugarland:
Pẹ̀lú jíà méjì péré! Powerglide yín tó jẹ́ pé ó máa ń ronú kó tó gbéra. C4, jíà ọ́tòmátíìkì ti Mustang, ní mẹ́ta. Òde ìyàwó ò sì sá lọ.

Baba_Mọ́tò_Atlanta:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Powerglide ń lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè bàjẹ́, ẹni tó lè tún un ṣe sì pọ̀. Turboglide, jíà ọ́tòmátíìkì Chevrolet kejì, ni kí ẹ sá fún. Ọdún 1957 ni wọ́n gbé e jáde, wàhálà rẹ̀ pọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀. Kí Àkànní rí i dájú pé Powerglide ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 200 yẹn náà, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ooru kékeré, àyè púpọ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ ń gbà wọlé. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ lórí ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì lè kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Lórí owó: ẹ̀ya ara Mustang wà káàkiri, owó rẹ̀ sì wà níwọ̀n. Ti Bel Air náà wà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Danchuk fi ọkọ̀ Chevrolet 1955 sí 1957 ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì àti fàdákà ara rẹ̀ pọ̀, dídà á pa dà sí bó ṣe wà ń jẹ owó. Onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ nínú nǹkan fún. Ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn onílẹ̀kùn mẹ́rin máa ń ṣòro rí. Ìdí nìyẹn tí owó onílẹ̀kùn mẹ́rin fi máa ń relẹ̀ ju ti méjì lọ. $31,000 ga lójú mi. Ṣé òpó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn? Tí kò bá sí òpó, tí gbogbo fèrèsé bá wálẹ̀ tó sì ṣí gbalaja, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Sport Sedan, owó rẹ̀ lè ga díẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lagos:
Ẹ dákun, tẹ́nì kan bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wálé ńkọ́? Ọkọ mi ti ń wo fọ́tò yìí látàárọ̀.

Baba_Mọ́tò_Atlanta:
Ìyá Ìbejì, kí ọkọ yín máa wo fọ́tò náà lọ ná. Iye ọdún tí tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá wà nínú òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà, mọ́tò wọ̀nyí sì ti ju ìyẹn lọ jìnnà. Kí ó bi ejẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ kó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ níbì kankan.

Ọmọ_Ifá_Miami:
Mo kàn fẹ́ sọ pé ní Havana, Bel Air ń ṣiṣẹ́ takisí títí dòní, tòun ti ẹ́ńjìnnì dísù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ míì. Ta ló ní kò lágbára?

Lámídì_Wẹ́dà (Baltimore):
Ará Havana ò ní yíyàn, arákùnrin. Ìjàǹbá ọkọ̀ kò mọ̀ pé a fẹ́ràn ẹ̀yà àtijọ́. Mo fẹ́ ká sọ èyí kedere: ọkọ̀ méjèèjì ní ọ̀pá sítíárìn líle tó kọjú sí àyà awakọ̀, kì í ká bí tòde òní. Tí ọmọ-ọmọ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ so bẹ́líìtì mọ́ ibi tó lágbára. Bel Air 1957 kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbé àga ọmọ kékeré sí.

Àkànní_Houston:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo lọ wo méjèèjì lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé òòfà, omi àti tọ́ọ̀ṣì dání, ẹni tó ni Mustang rò pé mo fẹ́ ṣe ètùtù ni.

Mustang: 6R07T ni nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀tù mẹ́rin, torí náà òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé. Àmọ́ òòfà jábọ́ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn lápá méjèèjì, omi sì ń kán sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá èrò. Nígbà tí mo ní kó bá mi da omi kún un, ó ní òun ò ráyè.

Bel Air: VC57, òpó wà láàárín, Powerglide ni. Bùútù rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ níbi tí táyà ìpààrọ̀ ń wà. Ibi ìjókòó bọ́dì le, sókúdíráfà ò wọlé. Ohun tó wú mi lórí ni fáìlì bàbá náà: rìsíìtì gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lára rẹ̀ láti 1983, ó tiẹ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fáànù bẹ́líìtì. A dúnàádúrà títí ó fi bọ́ sí $26,500. Gáréèjì gbà á, ó ku bíi ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Mo ti san owó àsansílẹ̀. Ó kù kí ẹ sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó wà á wálé, máìlì 40 ni.

Ọmọ_Èkìtì_Tulsa:
ÀWA LA BORÍ!!!

Àdùkẹ́_Sugarland:
Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ìwé rìsíìtì yẹn ni ẹ rà. Ẹ bá mi wá òmíràn tí Mustang rẹ̀ ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, màá rà á fún ọmọ mi.

Baba_Mọ́tò_Atlanta:
Ẹ kú oríire o. Ẹ má wà á wálé. Ẹ sanwó fún ọkọ̀ agbémọ́tò. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ní ti bíréèkì rẹ̀, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ń gbà lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páìpù kan tàbí rọ́bà kan bá jò, gbogbo rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlé dé ilẹ̀ ni. Irú ti òde òní, tó pín iwájú àti ẹ̀yìn sọ́tọ̀, ọdún 1967 ló di ohun tí gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ní. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi irú rẹ̀ sí i, kó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì. Tí owó bá ṣì kù, kó fi dísìkì sí iwájú; àpapọ̀ rẹ̀ wà tí wọ́n ń tà fún Bel Air.

Ẹ wo ara táyà. Lẹ́yìn DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011. Kódà kí ojú rẹ̀ ṣì ga, tó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ́ìlì: ẹ béèrè fún èyí tó ní síǹkì púpọ̀, tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọ́ìlì òde òní ti dín in kù, káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ẹ́ńjìnnì yẹn sì nílò rẹ̀. Epo olójé ni wọ́n ṣe é fún, ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é lójú títì láti 1996. Nínú fáìlì bàbá yẹn, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi ìjókòó fáàfù líle sí orí ẹ́ńjìnnì. Tí wọn ò bá tíì fi sí i, ẹ má gbá a lórí fíríwéè, kò sì ní í ṣe nǹkan kan títí ẹ óò fi ṣí ẹ́ńjìnnì. Epo tó ní ẹ́táńọ́ọ̀lù máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ẹ pààrọ̀ páìpù epo.

Fún ìnṣọ́ráǹsì, ẹ má lo èyí tí ẹ fi ń lo Camry yín. Irú tó wà fún mọ́tò àtijọ́ ni kí ẹ gbà, níbi tí ẹ̀yin àti wọn ti jọ fẹnu kò sí iye ọkọ̀ ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí nǹkan bá ṣe é, wọ́n á kà á sí mọ́tò ogbó. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ní gáréèjì. Ní Texas níbẹ̀, ọkọ̀ tó ti pé ọdún 25 lè gba nọ́ńbà Antique, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn wà fún ìpàtẹ ọkọ̀, ìwọ́de àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ máa fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà lásán.

Àkànní_Houston:
Mo ti pe ọkọ̀ agbémọ́tò, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì. Táyà: 1409 ló wà lára mẹ́ta, èyí tó kù ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà.

Lámídì_Wẹ́dà (Baltimore):
Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ rà. Ríìmù 14 ínǹṣì ló lò.